Wákàtí Mẹ́ta tí Gidgee Fún Wọn

"Ṣé ajá nìyí, àbí ológbò tí wọ́n kùn ní dúdú?"

Dougal Prentice ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó fara ti ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń wo Gidgee láti orí dé ìrù bí ẹni tó ń wo ọjà tí kò ní í rà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Rona tó ni ajá náà, ó sì mọ ara rẹ̀ dáadáa: bí ó bá lanu báyìí, ọ̀rọ̀ tí bàbá àgbà máa fi ọ̀sẹ̀ kan bá a wí ló máa jáde. Láti àárọ̀ ni inú ti ń bí i. Ọ̀la ni ìdíje àwọn ajá darandaran ní Mulgoona. Lọ́dọọdún, oko bàbá àgbà rẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àgùntàn tí wọ́n fi ń ṣe ìdíje náà, ohun tó gbé Dougal wá lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yìí nìyẹn. Dougal ló ṣe ipò kìn-ín-ní lọ́dún tó kọjá. Rona ló gbẹ́yìn. Ajá àyálò ló mú lọ, ajá ọ̀hún sì lọ sùn sábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí ìdíje ń lọ lọ́wọ́, ni gbogbo Mulgoona bá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ń pè é ní Ìyá Oorun.

Gidgee kì í ṣe ajá àyálò. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọjọ́ mẹ́rin, Rona ló sì ń fi ìgò fún un ní wàrà ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta títí ojú rẹ̀ fi là. Ọdún méjì gbáko ló fi kọ́ ọ níṣẹ́. Ajá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, dúdú lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Tó bá ń bọ̀ níwájú àgùntàn, àgùntàn á ti yí padà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Jẹ́ kó kó ọgbọ̀n àgùntàn wọ̀nyẹn gòkè sínú ọkọ̀ ká rí i," Dougal wí. "Àbí ṣé Ìyá Oorun fẹ́ rẹjú díẹ̀ ná?"

"Ìwọ ṣáà dúró síbẹ̀ kí o máa wò," Rona fèsì.

Ó súfèé lẹ́ẹ̀kan. Gidgee yí ọgbọ̀n àgùntàn náà ká, ó kó wọn jọ, ó tì wọ́n gba ọ̀nà tóóró tó lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Kò gbó rárá. Ẹ̀rín ti ń kúrò lẹ́nu Dougal díẹ̀díẹ̀ nígbà tí abo àgùntàn kan yọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìrẹ́run lọ, ó sì wọ ẹ̀yìn òkìtì páànù àlòkù tó wà níbẹ̀.

Dougal tún rí ẹ̀rín rín. "Ó ti tán. Lọ́la, tí ẹyọ kan bá sá báyìí, kí o yáa máa kó ẹrù rẹ lọ sílé."

Òfin kan wà lóko náà tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: tí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, tí òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀, ajá kankan kò gbọdọ̀ dé ẹ̀yìn páànù wọ̀nyẹn. Ìgbà náà ni ejò ń jí, abẹ́ páànù tí oòrùn bá ti mú gbóná ni wọ́n sì fẹ́ràn jù. Rona mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé tí òun bá rọra rìn yí ká, tí òun sì pàtẹ́wọ́, àgùntàn náà á jáde fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ó súfèé, ó nawọ́ síbẹ̀, Gidgee sì lọ.

Páànù dún gbàngà. Àgùntàn bẹ́ jáde, ó sá pàdé àwọn tó kù, Gidgee ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń nu ẹnu mọ́ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Rona rí i tó ń nu ẹnu, kò kà á sí. Ojú Dougal ló ń wò. Ojú náà ti rọ, kò sì sí ìgbádùn tó dà bíi kéèyàn rí i kí ojú Dougal Prentice rọ.

Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọkọ̀ akẹ́rù náà lọ tí Gidgee fi ṣubú. Ó kàn ń rìn bọ̀ wá mu omi ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bì, ó tọ̀ sára, ojú rẹ̀ sì ń wo òfìfo. Rona kúnlẹ̀ tì í, ó gbá a mọ́ra, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó máa fi tó ìṣẹ́jú méjì, ajá náà gbọn ara rẹ̀ nù, ó dìde, ó mi ìrù, ó sì lọ mu omi rẹ̀.

Rona dúró gbagidi. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa: ọmọ náà mọ ohun tó ń wò. Ní oṣù Keje, Dókítà Imelda Voss, dókítà ẹran tó wà ní Tarrabin, ti wá sílé ìwé wọn, ó sì fi odindi ọ̀sán kọ́ wọn ní ohun téèyàn lè ṣe fún ajá kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Obìnrin náà kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. "Tí ejò aláwọ̀ ilẹ̀ bá bu ajá yín jẹ," ó wí, ó sì na ìka sí wọn, "ó lè ṣubú, kó sì tún dìde bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Oró náà ṣì wà lára rẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kó rìn. Ẹ gbé e. Ẹ má fi abẹ gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ má lọ wá ejò kiri. Ẹ pè mí, kí ẹ sì máa bọ̀." Wọ́n ṣe ìdánwò lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Rona ló gba máàkì tó ga jù, mọ́kàndínlógún nínú ogún.

Ó sáré lọ pe bàbá àgbà rẹ̀. Mervyn Tuckwell ni orúkọ bàbá náà, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, òun àti Rona nìkan ló ń gbé oko náà látìgbà tí àwọn òbí ọmọ náà ti lọ ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà lápá ìwọ̀ oòrùn. Ó jáde láti ilé ìdáná, ife tíì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ṣubú, Bàbá Àgbà. Ó sì bì. Ó ti dìde báyìí."

"Ṣé ó dé ẹ̀yìn páànù?"

"Ó sá lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀," Rona wí. "Ó lé àgùntàn kan lọ ni."

Bàbá Mervyn kò bá a wí. Ó padà sínú ilé, ó ṣí fíríìjì, ó sì mú ìgò kékeré kan jáde láàárín bọ́tà àti wàrà. Fítámìn Sí ni, èyí tí wọ́n ń fún ẹran ní abẹ́rẹ́. Kò sí oko kan ní àgbègbè yẹn tí kò ní ìgò bẹ́ẹ̀ nínú fíríìjì rẹ̀. Bàbá sọ fún ọmọ, ọmọ sọ fún ọmọ-ọmọ: ejò bu ajá jẹ, fún un ní fítámìn Sí, kó sùn, á jí.

"Ajá mẹ́rin ni mo ti fi èyí gbà là lóko yìí kí wọ́n tó bí ọ," bàbá náà wí bó ti ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Òótọ́ ló sì ń sọ, ajá mẹ́rin ló yè. Ohun tí kò sẹ́ni tó bi í rí ni bóyá oró tilẹ̀ wọ ara àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ejò lè buni jẹ kó má tu oró síni lára, ajá bẹ́ẹ̀ ìbá yè ká ní omi lásán ni wọ́n fún un. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó máa sọ ìyẹn fún bàbá tó gbin gbogbo igi tó wà lóko náà?

"Ṣé ká pe Dókítà Imelda?" Rona béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré.

Bàbá náà fa abẹ́rẹ́ yọ, ó fi ọwọ́ ra ojú ibẹ̀. "Ọgọ́fà kìlómítà ni Tarrabin. Tí a bá gbé e débẹ̀, ó dájú pé wọ́n á dá a dúró di ọjọ́ Àìkú, ìdíje rẹ sì ti lọ nìyẹn. Lójú tèmi o, ara rẹ̀ máa yá. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ni ajá. Tí o bá ní ká lọ, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nìyí lápò mi."

Gidgee jókòó láàárín wọn, ó ń wo ojú Rona, ó ń mi ìrù. Rona rántí Dókítà Imelda. Ó rántí mọ́kàndínlógún nínú ogún. Ó tún rántí Ìyá Oorun, àti ẹ̀rín Dougal, àti bí ojú Dougal ṣe rọ lẹ́ẹ̀kan.

"Ara rẹ̀ ti yá," ó wí.

"Ó dáa. So ó mọ́lẹ̀ níbòji. Kó má sáré o, kó má jẹ nǹkan kan. Jẹ́ kó sinmi." Bàbá Mervyn dé fìlà rẹ̀, ó lọ tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe ní ìsàlẹ̀ oko.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, à bá sọ pé àṣìṣe ni. Kò parí síbẹ̀. Nígbà tó di aago méjì kọjá, Rona lọ wo ajá náà níbòji, ó rí i pé ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Iyèméjì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lọ́kàn. Kì í ṣe iyèméjì bóyá kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bóyá ajá náà á lè sáré dáadáa lọ́la ló ń rò. Ó tú okùn. Ó kó àgùntàn márùn-ún wá sí pápá kékeré, ó sì mú Gidgee gba gbogbo iṣẹ́ ìdíje náà kọjá, géètì kìn-ín-ní, géètì kejì, àti ọgbà. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ṣe, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Ajá náà kò já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní ajá tó máa sọ nù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Gidgee gbọ́ gbogbo fèrè tí wọ́n fọn sí i, ó jẹ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti oró náà sínú ara. Rona tún un so mọ́lẹ̀ kí bàbá àgbà tó dé.

Ní aago mẹ́rin kọjá, ó gbé omi lọ fún un. Gidgee fẹ́ dìde kí i. Iwájú rẹ̀ dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ kò dìde. Ó ń fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ Rona, ìrù rẹ̀ kò sì mì mọ́. Rona ká ètè rẹ̀ sókè. Ẹ̀jẹ̀ ń sun lára èrìgì rẹ̀. Ọmọlójú rẹ̀ méjèèjì ti ṣí gbayawu, oòrùn ọ̀sán sì ń tàn sínú wọn, wọn kò pa dé.

Ó kígbe pe bàbá àgbà, ó sáré sídìí fóònù.

"Rona, fara balẹ̀," Dókítà Imelda wí lórí fóònù. "Nígbà wo ló kọ́kọ́ ṣubú?"

"Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, mà."

"Aago mẹ́rin ti kọjá báyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bàbá àgbà fún un ní fítámìn Sí."

Ohùn dókítà náà wá le bí òkúta. "Gbọ́ mi dáadáa. Ẹ wá pákó pẹlẹbẹ, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀. Ẹ tú okùn ọrùn rẹ̀. Ẹ fa ahọ́n rẹ̀ síwájú kó má dí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má fún un ní omi, kò lè gbé e mì mọ́, inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló máa lọ. Máa wo àyà rẹ̀. Tó bá dẹ́kun mímí, pa ẹnu rẹ̀ dé, kí o fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú títí àyà rẹ̀ á fi gbé sókè. Tí àyà rẹ̀ kò bá lù mọ́, tẹ̀ ẹ́ nígbà ọgbọ̀n, fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, má dúró. Mo ń gbé oògùn apa-oró bọ̀ wá pàdé yín lọ́nà. Ṣé ó sinmi láti ìgbà tó ti ṣubú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Rona wí.

Bàbá Mervyn wa ọkọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Rona jókòó tì í, pákó wà lórí itan rẹ̀, Gidgee sì wà lórí pákó. Nígbà tí wọ́n rin nǹkan bí ogójì kìlómítà, àyà ajá náà gbé sókè lẹ́ẹ̀kan, ó wálẹ̀, kò sì gbé sókè mọ́.

Rona pa ẹnu rẹ̀ dé, ó fi ẹnu tirẹ̀ bo imú tó tutù náà, ó fẹ́ ẹ. Àyà gbé sókè. Ó tún fẹ́ ẹ. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àyà, ọkàn ṣì ń lù, ṣùgbọ́n ó jìnnà. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ, ó ń fẹ́, ó ń kà, ó ń fẹ́, ẹ̀jẹ̀ èrìgì ajá náà dà sí i létè. Bàbá Mervyn ń gbọ́ bó ṣe ń kà, ó tẹ iná mọ́ ọkọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Lórí afárá odò gbígbẹ kan ni wọ́n ti pàdé Dókítà Imelda. Ó ti ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, oògùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wá iṣan, ó rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti oògùn wọlé díẹ̀díẹ̀ bí Rona ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí ajá náà nímú. Oògùn kò tíì wọlé dé ìdajì tí ọkàn Gidgee dúró. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara wọn. Nígbẹ̀yìn, Dókítà Imelda di ọwọ́ Rona mú.

"Ó ti tó," ó wí.

Ló bá yíjú sí Bàbá Mervyn, inú tó ti ń bí i láti Tarrabin sì tú jáde. "Fítámìn. Mo sọ ọ́ nípàdé àwọn àgbẹ̀. Mo lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìtajà yín. Mo wá sílé ìwé àwọn ọmọ yín. Ajá yìí fún yín ní wákàtí mẹ́ta, Bàbá Mervyn, wákàtí mẹ́ta, ohun tí ẹ sì fún un ni oògùn òtútù. Ká ní ẹ gbé e wá ní aago kan ààbọ̀ ni, ó lè ti máa jẹun lálẹ́ òní."

Bàbá Mervyn ṣí fìlà lórí, ó dì í mú níwájú àyà.

"Mo sọ fún wọn," Rona wí. "Mo ní ká pè yín."

Òótọ́ ni, ó sọ ọ́. Irú òótọ́ tó burú ju irọ́ lọ nìyẹn, torí kò ṣeé jiyàn sí. Bàbá àgbà rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Kò rán an létí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Gbogbo ọ̀nà títí dé ilé ni Rona fi bínú sí bàbá àgbà rẹ̀. Ó bínú sí i ní ìdákẹ́jẹ́, ó tún bínú sí i ní ariwo. "Ẹ̀yin lẹ pa á," ó wí nígbà tí wọ́n wọ ọgbà. "Ẹ̀yin àti ìgò yín. Ẹ kì í gbọ́ tẹnìkan. Ẹ̀yin lẹ pa ajá mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni," bàbá náà wí. Ó lọ mú ṣọ́bìrì.

Ìbínú dùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ó dùn mọ́ Rona lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Bó bá ti ń bínú sí bàbá àgbà, kò ráyè gbọ́ ohùn kejì tó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú, ohùn tó ń sọ pé, géètì kìn-ín-ní, géètì kejì, ọgbà, lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sí Mulgoona nítorí pé Bàbá Mervyn ni adájọ́ àgbà ìdíje náà, ó sì ti ń ṣe é fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìròyìn ti ṣáájú wọn débẹ̀. Àwọn èèyàn ń bọ Rona lọ́wọ́, wọ́n ń wo bàbá àgbà rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ojú. Dougal wá bá a lẹ́bàá ọgbà, ó ti ṣí fìlà, kò sì sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

"Mo gbọ́ nípa Gidgee. Ajá gidi ni. Mo kàn ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá ni." Ó fi bàtà tú erùpẹ̀. "Wọ́n ní bàbá àgbà ẹ ló fi oògùn pa á."

"Àwọn ni," Rona wí.

Bàbá Mervyn dé ibi ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbogbo èèyàn rò pé ó fẹ́ pe ajá àkọ́kọ́ ni. Ó tú àmì adájọ́ kúrò láyà ẹ̀wù rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"N kò ní í dájọ́ lónìí," ó wí. "N kò sì ní í dá a mọ́. Ọmọ mi gbà mí nímọ̀ràn lánàá, n kò gbọ́. Ajá rẹ̀ kú sọ́wọ́ mi. Ẹni tí kò lè tọ́jú ajá kò yẹ ní ẹni tó ń dájọ́ ajá ẹlòmíràn. Ẹ wá ẹlòmíràn."

Obìnrin kan tó ń da tíì lábẹ́ àgọ́ mi orí, ó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀, kò sì rọ ohùn sílẹ̀: "Ó yẹ kó ti yọwọ́ tipẹ́. Àgbà tí kò gbọ́ràn."

Rona yíjú sí obìnrin náà. Kí ni obìnrin yìí mọ̀? Ta ló fún un lẹ́nu láti bú bàbá yìí? Ó ti gbé ẹsẹ̀ láti lọ dojú kọ ọ́ kó tó yé e pé ọ̀rọ̀ òun fúnra rẹ̀ ni obìnrin náà ń sọ, pé òun lòun fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún sí i lẹ́nu. Bàbá náà ti ń rìn kúrò nídìí tábìlì, Rona sì rí i bí ejìká rẹ̀ ṣe wọ́ wálẹ̀. Tí òun bá dákẹ́ báyìí, bẹ́ẹ̀ ni bàbá náà á ṣe máa rìn títí ó fi máa kú.

Rona kò lọ bá obìnrin náà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá, ó dé ibi gbohùngbohùn, ó dì í mú.

"Bàbá àgbà mi kò mọ̀," ó wí. Ohùn rẹ̀ le, inú ń bí i síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ ẹni tí inú rẹ̀ ń bí sí. "Èmi mọ̀. Dókítà Imelda kọ́ wa ní kíláàsì, èmi ni mo gba máàkì tó pọ̀ jù. Bàbá àgbà gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ síwájú mi, wọ́n ní tí mo bá ní ká lọ, àwọn á lọ. Mo ní ara ajá ti yá, torí mo fẹ́ borí lónìí. Èmi ni mo rán an lọ sẹ́yìn páànù. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó sinmi, mo tú u, mo mú un sáré lẹ́ẹ̀mẹta. Dókítà bi mí, mo purọ́ fún wọn. Ẹ bá mi gbé àmì yẹn fún bàbá àgbà mi."

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Bàbá Mervyn ti yíjú padà. Ó wo Rona pẹ́, ojú rẹ̀ sì ń yí díẹ̀díẹ̀, ìtìjú ń kúrò níbẹ̀, ìbínú ń wọlé.

"Lẹ́ẹ̀mẹta," ó wí.

"Lẹ́ẹ̀mẹta, Bàbá Àgbà."

"Lọ jókòó sínú ọkọ̀."

Ó lọ jókòó. Láti ibẹ̀ ló ti ń wo ìdíje náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bàbá àgbà rẹ̀ gba àmì náà padà, ó sì ṣe adájọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, bàbá náà kò gbá a mọ́ra, kò sì sọ pé ó ti tán.

"Màá da ìgò fítámìn yẹn nù lónìí," ó wí. "Ìyẹn ni tèmi nínú rẹ̀. Mo rò pé mo mọ̀, n kò sì béèrè. Ṣùgbọ́n ìwọ, inú rẹ ń bí mi, Rona, á sì máa bí mi fún ọjọ́ díẹ̀ sí i."

"Mo mọ̀, Bàbá Àgbà."

"Kì í ṣe torí pé ajá kú. Ajá máa ń kú. Gidgee wo ojú rẹ, ó gbọ́ gbogbo ohun tí o ní kó ṣe, ìwọ sì mọ ohun tó ń ṣe é."

Rona bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ajá náà ti kú, bàbá àgbà rẹ̀ sì jẹ́ kó sun ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, tí ẹ ń gba máàkì, ẹ gbọ́ o. Ohun tí a kọ́ yín ní kíláàsì kò wà fún ìwé ìdánwò nìkan. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀mí kan máa wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀mí èèyàn tàbí ti ẹranko, tí ẹ̀yin nìkan á sì mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ẹni tí kò mọ̀ lè ṣì í ṣe, kó tọrọ àforíjì, kó sì kọ́ ọgbọ́n. Ẹni tó mọ̀, tó sì dákẹ́ nítorí ohun tó fẹ́ jẹ, kò ní ẹni tó lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Bí Rona bá súfèé lóko náà títí di òní, kò sí ajá tó máa dá a lóhùn.